Ògiri Yàrá Ìyá Moutiatou

Lille, ọjọ́ keje oṣù kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọdún. Ìkíni ọdún tuntun kò fẹ́ jáde lẹ́nu mi lọ́dún yìí, ẹ má bínú. Láti Àbámẹ́ta ni mi ò ti lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè wa. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ okòwò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe é níbi iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dojú dé.

Àkọ́kọ́: nígbà tí wọ́n wó ilé amọ̀ àtijọ́ ìdílé wa kí a lè kọ́ ilé étáàjì, ilé alájà, síbẹ̀, ògiri ọwọ́ òsì bá a lọ. Ògiri yẹn kì í ṣe tiwa nìkan. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti yàrá Ìyá Moutiatou, bó ṣe rí jákèjádò àdúgbò àtijọ́ wa ní Kétou, tí ilé kan fara ti èkejì láti ayé àwọn bàbá-ńlá wa. Ẹ̀yin mọ̀. Judicaël àbúrò mi mọ̀. Èmi náà mọ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n ìlà méjì ni ayàwòrán-ilé fà sínú pílánù, mo sì gba pílánù gbọ́ ju ojú ara mi lọ.

Èkejì: Ìyá Moutiatou wà nínú yàrá nígbà tí ògiri wó. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn wọn. Judicaël mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ìyá náà wà nínú tákàbá. Opó ni wọ́n, ẹ̀sìn Mùsùlùmí sì ní kí opó jókòó sínú ilé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kí ọkùnrin àjèjì má rí i. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà ló rí wọn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ rí wọn, ẹni tó ń ta búrẹ́dì rí wọn. Gbogbo àdúgbò mọ̀ nípa tákàbá yìí. Ẹ̀yin mọ̀. Èmi nìkan ni kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin: ẹnì kan ya fídíò. Ó ti dé orí Wáàsápù ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kétou níbí. Ibi iṣẹ́ ni mo ti wò ó. Mo rí eruku, lẹ́yìn náà mo rí ìyá yìí tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òde, tí wọ́n fi aṣọ bo orí, tí wọ́n fi iwájú orí ti ògiri tó kù bí ọmọdé tí olùkọ́ ní kó lọ dúró sí kọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn Judicaël tó ń pariwo, "Ẹ dúró, ẹ dúró!" Ó ti pẹ́ jù. Ẹnì kan sì ń sọ nínú fídíò náà pé, "Ilé ọmọ Èṣùgbàyí tó wà ní France nìyẹn." Orúkọ wa ni ó dá.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kí Judicaël wó ilé náà nígbà tí ẹ wà ní oko. Mi ò sá fún un. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń bi yín léèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn kan náà lẹ ń fún mi: "Ó di oṣù kejì. Jẹ́ ká ní sùúrù." Bàbá, sùúrù kì í ṣe ìròyìn. Mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú, ti fún wa ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹ kò sì fún mi ní ìdí kankan. Mo rò pé ẹ kàn ń lọ́ra ni. Kí ló dé tí ẹ kò lè kọ gbólóhùn kan péré, pé opó wà lẹ́yìn ògiri?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ghislaine


Oko Odomèta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní

Ghislaine, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pa ọ́ jù? Níbí, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa. Judicaël gbé lẹ́tà rẹ wá fún mi nínú tẹlifóònù rẹ̀. Ìkọ̀wé inú rẹ̀ kéré jù fún ojú mi, òun ló kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí o ti dárúkọ rẹ̀, ó wúkọ́, ó tún kà á lọ. Inú ìwé ni mò ń kọ èsì sí. Ó ní òun á yà á ní fọ́tò, òun á fi ránṣẹ́ tí òun bá dé ibi tí tẹlifóònù ti ń ṣiṣẹ́.

Oko ni mo wà láti ọjọ́ náà. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta náà, mò ń bọ̀ nílé, mo rí èrò lójú ọ̀nà, mo rí òfuurufú níbi tí ilé bàbá mi wà. Mo rí àwọn obìnrin tó na aṣọ yí Ìyá Moutiatou ká tí wọ́n ń mú wọn lọ sí ẹ̀yìn. Mo yí padà. Mi ò tíì wọ àdúgbò láti ìgbà náà.

O béèrè ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀ kedere. Jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ògiri àjọni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní òdì kejì. Á jókòó sínú yàrá wọn, á sọ ọjọ́ tó fẹ́ wó o. Àwọn náà á kó ẹrù wọn, òun á bá wọn fi igi gbé òrùlé ró, á sì gbà wọ́n sílé ara rẹ̀ títí ògiri tuntun á fi gbẹ. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan la fi sùn nílé wọn, tí àwọn náà kò sì jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n lára. Báwo ni mo ṣe máa wọ ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà nínú tákàbá kí n ní kó bọ́ síta? Mo ń dúró kí ó jáde ní oṣù kejì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú ló tì mí láti kọ ọ́. Mo mọ bó o ṣe máa ń dáhùn. O máa ní, ẹlẹ́sìn Krístì ni wá, kí ló kàn wá nínú tákàbá. O máa ní mo fi opó ṣe àwáwí. Mo fi "sùúrù" bò ó mọ́lẹ̀, mo lọ roko. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé ìwọ nìkan ni kò mọ̀. Nígbà tí bàbá Moutiatou kú ní oṣù kẹwàá, Moutiatou fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ọ. Ó fi èsì rẹ hàn mí. Àwòrán àbẹ́là kan ni, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé. Mo ní bóyá wàá tún pè é. O mọ̀ pé ọkùnrin náà kú, Wùnmí ọmọ mi. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Níbo lo rò pé ó wà?

Kí o má di gbogbo ẹ̀bi ru àbúrò rẹ pẹ̀lú. Ó ní òun bi ọ́ pé ṣé kí òun dúró kí n ti oko dé, o sì fèsì pé, "Wó o lónìí." Òun náà fẹ́ ilé, kò jiyàn.

Inú yàrá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí ni ìyá náà wà báyìí, lẹ́yìn ilé. Lèmọ́mù wọn ti ní tákàbá kò bàjẹ́, nítorí kì í ṣe àwọn ló jáde. Ìta ló wọlé bá wọn. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, ni wọ́n máa parí. Wọ́n ti ní ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn tí ògiri rẹ̀ wó yẹn ni àwọn gbà wọlé ní ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n gbà gbé òkú ọkọ àwọn jáde, ibẹ̀ náà ni àwọn máa gbà jáde kúrò nínú opó. Yàrá tí kò ní ògiri, ẹnu ọ̀nà wo ló kù níbẹ̀?

Bàbá rẹ, Cyriaque


Lille, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira oko.

Mo yí Wáàsápù mi sẹ́yìn dé oṣù kẹwàá. Àbẹ́là ni lóòótọ́. Mo fi ránṣẹ́ láàárín ìpàdé méjì, mi ò tún wẹ̀yìn wò. Mo ti ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti pè mí ní Wùnmí, mo pa tẹlifóònù, mo lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ìyá náà máa jáde kò jìnnà, ògiri sì gbọ́dọ̀ dúró kó tó di ọjọ́ náà. Mo ti bá ẹni tó ń ta bíríìkì sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ máa dé lọ́la. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó mọ iṣẹ́ á fi sìmẹ́ńtì kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún ní funfun. Á dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Judicaël á dúró tì wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín: ẹ kúrò ní oko, ẹ lọ bá ìyá náà, ẹ dúró sí ìta yàrá àgbàdo yẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n ní orúkọ mi. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ghislaine


Lille, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní

Bàbá,

Ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá. Ọkọ̀ já bíríìkì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Judicaël ní, "Ẹ bi Bàbá." Mo pe Moutiatou, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Ẹ̀yin kò kọ nǹkan kan. Ṣé mo ti tún ṣe ohun mìíràn ni? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gàn sàn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

G.


Oko Odomèta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní

Ghislaine mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe ìbínú. Mò ń wá ẹsẹ̀ tí mo máa fi dé ibi tí o rán mi ni, mi ò rí i. Ẹnu kí ni n ó fi sọ̀rọ̀? Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ ìyá náà níwèé. Bí mo bá kọjá níwájú ilé wọn nígbà yẹn, wọn á dìde dúró. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo dé oríta, mo rí àwọn àgbà àdúgbò lábẹ́ igi, wọ́n kí mi dáadáa. Kíkí yẹn gan-an ló lé mi padà.

Judicaël ló lọ. Mo ní kó ròyìn fún mi bó ṣe rí gan-an, ó sì ròyìn ẹ̀. Ó ní Moutiatou ló jáde sí òun, tó dúró lórí òkìtì bíríìkì.

"Ẹ kú àtàárọ̀, ẹ̀yin ọlọ́lá. Ṣé ẹ ti fi ilé tiwa kún tiyín ni, tàbí kí ni gbogbo èyí?"

Judicaël ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí wọ́n fi bíríìkì dí yàrá ìyá.

"Ìyá ní kò sí sìmẹ́ńtì tó máa wọ yàrá àwọn."

"Kí ló ṣe sìmẹ́ńtì? Ìyẹn ló le."

"Ó le fún ta? Ògiri mẹ́ta amọ̀, ọ̀kan sìmẹ́ńtì, ṣé wọ́n á di ara wọn mú? Òjò á gba ojú ìpàdé wọn wọlé. Oòrùn á sì sọ inú yàrá di ààrò. Ọ̀dọ̀ yín ni ìyá mi máa wá sùn ní oṣù kẹta? A jẹ́ pé ẹ ní láti kọ́kọ́ ní ibi tí ẹ̀yin náà ń sùn, Judicaël."

Ó ní òun kò lè bínú, òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti yàrá kan. Olórí àdúgbò ránṣẹ́ sí mi pé ìdílé mẹ́ta ló ń dúró kí wọ́n rí ohun tí a máa ṣe. Àwọn ọmọ tiwọn náà fẹ́ kọ́ étáàjì. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì dí i, àwọn náà á wó tiwọn, ilé tó wà láàárín á sì máa ya lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn. Ó ní òun kò sọ pé kí ọ̀dọ́ má kọ́lé. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé wò ó bóyá ẹnì kan fẹ̀yìn ti ibi tó fẹ́ gbẹ́.

Amọ̀ ni wọ́n fẹ́. Amọlé kan láti Okpomèta ti gbà á. Ilẹ̀ ilé wa tó wó la máa tún rin, tí a máa tún pò. Ilẹ̀ yẹn ti di ògiri rí, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe Judicaël ní gbogbo wákàtí. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ báyìí, ó lè bá ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ó lè má bá a.

Ohun kan kù tí mi ò fẹ́ kọ. O rántí ihò tó wà nínú ògiri náà, lókè ibi ìdáná, tí ìyá rẹ àti Ìyá Moutiatou ń gbà na iná àti ọbẹ̀ sí ara wọn? Ibẹ̀ ni wọ́n gbà ń gbé ìwọ pàápàá kọjá nígbà tí o kéré, tí ìyá rẹ bá fẹ́ lọ sí ọjà. Judicaël béèrè pé ṣé kí wọ́n dá ihò sí i. Ìyá náà dáhùn fúnra wọn láti inú yàrá àgbàdo, wọn ò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Kí wọ́n mọ ọ́n kó dí pátápátá."

Bàbá rẹ


Lille, ọjọ́ kejì oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú wa. Mo gbọ́ ti ihò náà.

Ohun tí mo lè ṣe, mo ti ṣe é. Mo ní kí ayàwòrán-ilé pa pílánù àkọ́kọ́ rẹ́. Ilé étáàjì á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sórí ibi tí ilé ìdáná àtijọ́ wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ̀yìn tì. A máa tún yàrá méjì mọ ní amọ̀ sí ojú ọ̀nà, kí ògiri tí ẹ ń mọ lọ́wọ́ lè rí ohun fara tì ní ọ̀dọ̀ tiwa náà. Àyè máa dín kù. Mo pe Judicaël láti sọ fún un, ó sì sọ ojú abẹ níkòó:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ wà ní France lẹ lè máa fẹ́ràn amọ̀. Èmi, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, yàrá kan ṣoṣo la há sí ní ọ̀nà Adakplamè. Nígbà tí mo ní kí ẹ dúró, ẹ ní kí n wó o. Nígbà tí mo wó o tán, ẹ̀yin lẹ tún ń gé yàrá kúrò. Èwo ni kí n ṣe?"

Mo ní kó gba àwọn yàrá ìsàlẹ̀ tí mo pè ní tèmi. Ọjọ́ mélòó ni mo tilẹ̀ ń lò níbẹ̀ lọ́dún? Ó ní òun gbọ́. Kò dúpẹ́, mi ò sì retí ẹ̀.

Moutiatou gbé ìpè mi lónìí. Mo ní, "Moutiatou, èmi ni."

Ó ní, "Mo rí orúkọ. Ọ̀gá àgbà! Ṣé ògiri mìíràn ló kù tí ẹ fẹ́ wó?"

Mo ní, "Rárá o."

"Àbí bíríìkì lẹ fẹ́ tà? Ó pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa. Ewúrẹ́ ti ń bímọ lé e lórí."

Mo ní, "Moutiatou, jọ̀ọ́. Bàbá rẹ kú, àwòrán ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò pè ọ́. Mi ò sì bi ọ́ léèrè bí ìyá ṣe wà."

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pè mí ní "ẹ" mọ́. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí ìyá mi ń wí? Wọn ò sọ nípa owó. Wọn ò sọ nípa ẹ̀rù tó bà wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ti wá wo àwọn tán, àfi ẹni tó ní kí wọ́n wó o."

Bàbá, ṣé ẹ ti lọ síbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí nìkan.

Ghislaine


Oko Odomèta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì

Ghislaine ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Rárá, mi ò tíì lọ.

Ìròyìn ògiri nìyí. Ó ti dé àyà. Ìpele méjì ló kù, lẹ́yìn náà òrùlé. Òjò kan tí ẹnikẹ́ni kò pè rọ̀ sórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó fọ etí ìpele òkè. Kí ó tó le jù, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti gbé bàṣì tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ ẹrù wá, wọ́n sì dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí òjò fi dá. Judicaël ní àwọn tó ń bú òun láti oṣù tó kọjá ló dúró tì í, wọn ò sì yéé bú òun bí wọ́n ṣe di bàṣì mú. Amọlé ní bí oòrùn bá dára, ògiri á parí ní ọjọ́ Ọjọ́rú tó ṣáájú Jímọ̀ náà, òrùlé á dé ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ó há gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Nítorí náà, fi ọkàn balẹ̀. Ohun tí a bà jẹ́, a ti ń tún un ṣe. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ tí Moutiatou bá ọ sọ. Mi ò rò pé ó yẹ kí o wá. Ọ̀nà jìn, iṣẹ́ rẹ kò fàyè sílẹ̀, èèyàn á sì tún gbé tẹlifóònù sókè tí wọ́n bá rí ọ. Kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan tó dára, Judicaël á kà á fún ìyá náà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n bá ń jáde, ìdílé wa á fi àgbàdo àti epo ránṣẹ́. Èmi á wà ní oko. Tó bá di ìgbà òjò, tí ọ̀rọ̀ bá ti tutù, mo máa rọra wọlé, wọn á ti gbàgbé. Ojú ń tì mí, Wùnmí. Mi ò tíì rí irú ojútì yìí rí láyé mi. Má jẹ́ kí wọ́n tún fi ojú rí i.

Bàbá rẹ, Cyriaque


Lille, ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, kí ẹ má bàa sọ pé mo fi ìwà àìmọ̀wàáhù dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ni rárá.

Ẹ̀yin sá lọ sí Odomèta, èmi sá sẹ́yìn tábìlì mi ní Lille. Judicaël nìkan ló wà níwájú, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, tí wọ́n ń bú, òun tí kò pinnu ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú jù báyìí, ó ju fídíò náà lọ. A jọ fi ọmọ síta gẹ́gẹ́ bí a ṣe fi ìyá náà síta.

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò tó. Mo ti kọ ọ́ nígbà mẹ́ta, ó rí bí èyí tí mò ń kọ sí oníbàárà tí ẹrù rẹ̀ fọ́. Mo ya á. Àgbàdo àti epo kò tó. Tó bá sì di ìgbà òjò, wọn ò ní gbàgbé, Bàbá. Ẹ̀yin ni wọn ò kàn ní bá sọ ọ́ mọ́. A ó máa kí ara wa dáadáa títí ẹnì kan á fi kú.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún, mo máa dé Kútọnu. Ọjọ́ kejì rẹ̀, mo máa wà ní Kétou. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pàdé mi. Mo máa fi ẹsẹ̀ wọ àdúgbò láti oríta, ẹni tó bá fẹ́ ya fídíò kó yà á. Bí ìpele kan bá ṣì kù, mo máa bá wọn ru amọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan á wọ ọ̀dọ̀ ìyá náà nínú yàrá àgbàdo, nítorí obìnrin ni mí, mo lè wọlé. Mo máa jókòó sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ sí mi, mo máa gbọ́ ọ tán kí n tó la ẹnu. Mo ti ń kọ́ ìyẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ mọ̀ mí, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹnu ọ̀nà wọn jáde, ọkùnrin á lè rí wọn, olórí ilé tí ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì yẹ kó dúró níbẹ̀. Kì í ṣe èmi. Kì í ṣe Judicaël. Ẹ̀yin ni, Bàbá. Mi ò ní kí ẹ sọ̀rọ̀. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n rí i lójú yín. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa nìyẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí, mi ò sì ní yí i padà: ẹ ti Odomèta wá sílé ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kejì, kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ fá irùngbọ̀n. Judicaël á ti tẹ́ ibùsùn yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ náà tí mi ò rí yín, kẹ̀kẹ́ ni mo máa gùn wá sí oko, a ó sì jọ padà, bí ẹ tilẹ̀ wà nínú aṣọ iṣẹ́.

Ghislaine